Ọ̀dà Pupa Ilé Ìpàdé Monamet

Mehetabel Hinckley to igi gbígbẹ sílẹ̀, ó da ìkarahun òkun lé e, ó tún to igi lé ìkarahun, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí òkìtì náà fi ga dé àyà rẹ̀, kó tó wá ti iná bọ̀ ọ́ lábẹ́. Atẹ́gùn òkun ló ń bá a fẹ́ ẹ. Ìkarahun kì í tètè gbọ́ ti iná. Igi ni yóò kọ́kọ́ máa jó, ìkarahun yóò sì máa wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ṣùgbọ́n bí ooru bá wọ̀ ọ́ lára tán, yóò funfun, yóò fúyẹ́, yóò sì máa rún lábẹ́ ìka bíi búrẹ́dì tó ti gan.

Obed, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí kùkùté igi kan nítòsí. Ọ̀gá akunlé ni Obed. Kò sí ilé gidi kan ní Monamet tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Ṣùgbọ́n òjé tó wà nínú ọ̀dà funfun tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá ti wọ̀ ọ́ lára. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ń sọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Kò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu iṣẹ́, àti ẹnu rẹ̀.

"Apá ọ̀tún yẹn ò ríná tó," ó ní.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ kí n sun ìkarahun mi. Ẹnu yín ló kó wa sínú èyí. Ọwọ́ mi ló máa kó wa yọ."

Obed rẹ́rìn-ín. Kò lè bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ìgbìmọ̀ ọba tó ń jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn òkun, tó ń ṣàkóso Boston, Monamet àti gbogbo ìlú àyíká wọn, ti gbé owó ibodè lé dígí, lé ìwé, lé tíì, lé òjé, àti lé gbogbo ọ̀dà tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Monamet ṣe bí ọ̀pọ̀ ìlú tó wà létí òkun náà ti ṣe: wọ́n pe ìpàdé ìlú, wọ́n nawọ́ sókè dìbò, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní ra ohunkóhun tí owó náà bá wà lórí rẹ̀. Tíì kò ṣòro fún wọn láti pa tì. Ewé wà nínú igbó tí wọ́n lè sè mu. Dígí náà kò ṣòro. Pákó ni wọ́n fi ń dí fèrèsé tó bá fọ́. Ọ̀dà ló wá há wọn lọ́fun. Wọ́n fẹ́ fi olùṣọ́-àgùntàn tuntun joyè, àlejò yóò wá láti gbogbo àyíká, bẹ́ẹ̀ ni pákó ara ilé ìpàdé wọn, níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, ti ṣá, ó ti ń sán, ó sì ti ń hu èéhù. Àwọn ará Tisquam tó wà ní òdìkejì omi ti fi ọ̀dà Lọ́ńdọ̀nù kun tiwọn. Bí wọ́n bá ń wakọ̀ kọjá, wọ́n á kígbe bi àwọn apẹja Monamet pé àgùntàn mélòó ló ń sùn nínú ilé yẹn.

Ìyẹn ló mú kí Díákónì Crowell dìde ní ìpàdé ìlú. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ńlá etí èbúté. Àgbá ọ̀dà pupa kan wà nínú ilé ẹrù rẹ̀ tó ti rà kí ìlú tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ti san owó ibodè orí rẹ̀, kò sì rẹ́ni tà á fún.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "pẹ́nì mélòó gan-an là ń sọ lórí àgbá kan? Ohun tí ẹlòmíì ń mu nílé ọtí lọ́jọ́ kan jù ú lọ, mi ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé torí pẹ́nì yìí la ó ṣe fi ìránṣẹ́ Ọlọ́run joyè nínú ahéré?"

Àwọn kan ti ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ìgbà náà ni Obed dìde, tọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ níwájú rẹ̀.

"Díákónì, ẹ rántí afárá odò ilé ọlọ?"

"Ta ló máa gbàgbé afárá yẹn?"

"Nígbà tá a fẹ́ gbé owó orí lé ara wa láti fi kọ́ ọ, ta ló ta kò ó?"

"Èmi ni. Mo ṣì ń ta kò ó."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ yín. Lẹ́yìn náà la nawọ́. Ọwọ́ tiwa pọ̀ ju tiyín lọ, ẹ pàdánù, ẹ sì sanwó."

"Mo sanwó. Ọmọ ìlú ni mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí wá ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ta kò ó? Ta lẹ bá jiyàn? Kò sẹ́ni tó bi yín. Wọn ò tiẹ̀ fún yín láyè kẹ́ ẹ pàdánù. Ẹni tó lè dúró lẹ́yìn òkun kó kọwọ́ bọ àpò mi kó mú pẹ́nì kan láìbi mí, kí ló máa dá a dúró lọ́jọ́ tó bá fẹ́ mú àpò náà lọ? Pẹ́nì kọ́ ni mò ń dù, Díákónì. Ẹnu mi ni mò ń dù."

Crowell mi orí lọ́ra-lọ́ra.

"Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, Obed. Ṣé ẹnu ọ̀hún la máa wá fi kun ilé?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Ni Obed bá sọ ohun tí kò tíì rò dé ìdí. Ó ní ìyàwó òun lè po ọ̀dà láti inú ilẹ̀ Monamet, èyí tí kò rí ojú ibodè kankan rí.

Wọ́n fún un láyè. Bí ilé ìpàdé bá ti pupa títí oòrùn yóò fi wọ̀ ní Sátidé tó ṣáájú ìfijoyè, ó parí. Bí kò bá pupa, wọn yóò ṣí àgbá Crowell. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí àgbá yẹn, ẹ̀jẹ́ ìlú ti dà nù nìyẹn. Ẹni tó bá ra ọ̀dà lónìí, kí ni yóò sọ fún ẹni tó fẹ́ ra tíì lọ́la?

Mehetabel kò sí níbẹ̀, nítorí obìnrin kì í nawọ́ ní ìpàdé ìlú. Ẹnu ibi tó ti ń po ìyẹ̀fun ló ti gbọ́ pé òun ti ṣèlérí. Kò bínú pẹ́. Òun ló ti ń lọ ọ̀dà fún Obed láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ó sì máa ń wù ú láti mọ ohun tó ń mú ọ̀dà di ọ̀dà. Ìyá rẹ̀ a máa fi wàrà po ọ̀dà kun àpótí aṣọ nínú ilé. Ohun tó lè di ara àpótí mú, bí a bá fún un lágbára sí i, kí ló dé tí kò ní di ara ilé mú?

Ó wa amọ̀ pupa rúsúrúsú nínú àbàtà ẹ̀yìn ilé ọlọ, ó yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ó fi omi sẹ́ ẹ, ó sì jẹ́ kó tòrò. Èyí tó wúwo sọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó kúnná dúró lókè, òun ló sì fẹ́. Ó sá a gbẹ, ó kó o sínú ààrò búrẹ́dì. Ó wọlé ní àwọ̀ ewé tó ń rọ, ó jáde ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìkarahun jinná tán, ó da omi sí i nínú agbada. Ìkarahun funfun náà fa omi mu, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná kankan kò sí níbẹ̀. Mehetabel ti mọ̀ pé yóò hó. Síbẹ̀, ó pe Obed wá wò ó.

Ó ku wàrà. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ ì bá dára, ṣùgbọ́n ìlú ti kó irúgbìn náà pamọ́ fún gbígbìn, torí pé gbogbo ilé ló ń rànwú láti ìgbà tí wọ́n ti pa aṣọ Lọ́ńdọ̀nù náà tì. Ìgò kan péré ló rí. Ó ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ìlú pé òun nílò wàrà fún ilé ìpàdé.

Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Keziah Doane, tí màlúù rẹ̀ sanra ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ló gbé kòròbá méjì tó ṣáájú wá, ọ̀rá orí rẹ̀ ki débi tí ṣíbí lè dúró nínú rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," Keziah ní. "Mi ò bu ẹ̀kán kan lórí ẹ̀. Kí Tisquam máa bọ̀ wá rí ohun tí wọ́n ń pè ní wàrà."

Ẹni tó gbé tiẹ̀ tẹ̀ lé e kò fẹ́ kí ti òun ṣàn ju ti Keziah lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Abiah Nye, opó tí màlúù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ló dé kẹ́yìn. Aṣọ ló fi bo kòròbá tiẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì yára bá tiẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọjọ́ àdéhùn pé, Mehetabel fi ojúmọ́ gun àkàbà. Ọ̀dà náà gbá pákó mú, ó tàn, ó pupa, ojú ẹni kò kúrò lára rẹ̀. Ó kun apá ibi tí oòrùn ń gbà, níbi tí ilẹ̀kùn ńlá wà. Kòròbá Abiah ló fi kun ìlà pákó tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀, oòrùn sì ń wọ̀ bọ̀. Bí oòrùn Sátidé bá ti wọ̀ ní Monamet, Ọjọ́ Olúwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn; ẹnikẹ́ni kì í gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó fọwọ́ kan pákó náà. Ó ṣì tutù díẹ̀. Ó ní kó tó di ọ̀la á gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìwàásù àárọ̀ dáadáa. Ara ògiri ni ọkàn gbogbo wọn wà. Nígbà tí wọ́n jáde láti sinmi kí ìwàásù ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin ṣe ohun tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ń ṣe: wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí oòrùn ń gbà, wọ́n ń jẹ wàràkàṣì, wọ́n ń yin ọ̀dà. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wo iwájú. Gbogbo ẹ̀yìn aṣọ ọkùnrin pupa fòò láti èjìká dé ìbàdí, bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ híhun ilé títí dé kóòtù dúdú Díákónì Crowell.

Ẹ̀rín kò bójú mu lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin kan sáré fi ìbòrí di ẹnu. Obed, tó jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀, tí kò sì bá wọn fẹ̀yìn ti ògiri, wò yíká, ó sì tẹ̀ sí i létí.

"Wo bí gbogbo ìlú wa ti di ọmọ-ogun ọba Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláṣọ pupa, láàárín oúnjẹ ọ̀sán."

Mehetabel kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti pupa ju ògiri lọ.

Ní Mọ́ńdè, Crowell wá bá Mehetabel níwájú ilé ìpàdé tòun ti kóòtù lápá.

"Ìyá Hinckley, n kò wá jà," ó ní. "Kóòtù á ṣeé fọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ti ní kí wọ́n yí àgbá náà jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù."

"Sátidé la dá, Díákónì. Mọ́ńdè la wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́ńdè ni." Ó wo ògiri. "Àwọ̀ ẹ̀ dáa o. Ká ní á lè dúró lójú kan."

Nígbà tó lọ tán, Mehetabel fi ìka fa ara pákó láti òkè wá sísàlẹ̀. Òkè yọ̀. Àárín yọ̀. Nígbà tó dé ìlà pákó tó gbẹ̀yìn, ìka rẹ̀ dúró. Ó gbá a ní èékánná, kò bó. Ó bu omi dà á, kò ṣàn.

"Baálé mi, ẹ wá wo ibí."

Obed tẹjú mọ́ ọn. "Àwọ̀ kan náà ni. Amọ̀ kan náà. Kí ló yàtọ̀?"

"Kòròbá ni. Ti Abiah ni mo fi kun ibí."

Ó ha díẹ̀ lára òkè sínú omi gbígbóná. Lójú àwọn méjèèjì, òrùka ọ̀rá kéékèèké gòkè wá, wọ́n ń léfòó kiri lójú omi bí ojú ẹja. Ó ha ti ìsàlẹ̀ sínú omi mìíràn. Omi náà mọ́ kedere. Mehetabel nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Ó kọrí sí ilé Abiah.

Opó náà kọ́kọ́ wolẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá. Ẹ má bínú. Mo ti bu ọ̀rá orí ẹ̀ fi ṣe bọ́tà tí mo tà. Omi ìsàlẹ̀ ni mo gbé wá. Mi ò ní nǹkan mìíì, mi ò sì fẹ́ káwọn tó kù rí i."

"Abiah, omi ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló ń bẹ lára ilé Ọlọ́run báyìí. Tàwọn tó kù ti wà lẹ́yìn aṣọ ọkọ wọn."

Abiah wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀.

Ti Keziah kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

"Wàrà tí mò ń dà fún ẹlẹ́dẹ̀?" Keziah ní. "Mehetabel, ṣé orí rẹ pé? Ṣé káyé máa sọ pé Keziah Doane gbé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ wá fún ilé Ọlọ́run?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rá ni ò jẹ́ kí ìkarahun di amọ̀ mú. Ó ń wọ àárín wọn bí ẹni tó ń la ìjà tí kò sí. Bó o bá fún mi ní wàrà tó sanra, á máa yọ̀ lọ ni. Èyí tó ti rù, òun ló ń gan mọ́ igi."

"Ọ̀rá ọ̀hún wá ńkọ́? Ṣé kí n dà á nù?"

"Fi ṣe bọ́tà. Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ ìfijoyè. Jẹ́ kí wọ́n jẹ bọ́tà Keziah lórí búrẹ́dì títí dé Tisquam."

Keziah ronú sí i. Ó ṣe kedere pé ibi bọ́tà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ létí.

"Kó o ṣáà sọ fún wọn pé màlúù mi kọ́ ló rù," ó ní, ó sì wọlé lọ gbé kòròbá ẹlẹ́dẹ̀.

Mehetabel kun pákó méjì, ó fi wàrà ọlọ́ràá kun ọ̀kan, ó fi èyí tó rù kun èkejì, ó sì gbé wọn sínú oòrùn kí gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá lè fọwọ́ kàn án. Kò nílò àlàyé mọ́. Ní Túsìdeè, wọ́n fi omi eérú gbígbóná fọ ọ̀dà àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n fi iyanrìn ha á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Obìnrin wà lórí gbogbo àkàbà tó wà ní Monamet. Obed ń rìn láti ìdí àkàbà kan dé òmíràn. Òun ló ń sọ ìgbà tí ọ̀dà ti ki jù àti ìgbà tó fẹ́ omi díẹ̀. Bó ṣe ń kán lórí búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń mọ̀ ọ́n. Òróró tí wọ́n ní nínú ìgò ni wọ́n wọ́n sí èyí tí wọ́n fi kun apá òkun, níbi tí ìjì ti máa ń gbá a.

"Keziah, má fi búrọ́ọ̀ṣì rin ìrìn àjò. Fà á lẹ́ẹ̀kan, kó o fi sílẹ̀."

"Obed, bó o bá tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ́."

"Kun mí. Ó kéré tán, á dúró lára mi."

Wọ́n parí ní Ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ Sátidé, òjò dé láti ojú òkun, òjò tí atẹ́gùn ń tì, tó ń na ògiri ní ìbú. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ wọn dúró lábẹ́ igi, wọ́n da aṣọ borí, wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn láti ara pákó sórí koríko. Mehetabel kò lè wo ògiri. Koríko ló ń wò, ó ń retí kó pupa.

Nígbà tí òjò dá, Crowell jáde láàárín èrò. Ó yọ áńkáṣíìfù funfun láti àpò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó ṣì ń kán, ó fi agbára fà á láti ẹnu ilẹ̀kùn dé igun ilé. Ó ká a sílẹ̀, ó wo ojú kìíní, ó wo ojú kejì. Lẹ́yìn náà ló gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Omi nìkan ló wà lára rẹ̀.

"Ará Monamet," ó ní, "ọ̀dà ni ọ̀dà yìí."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yí àgbá náà lọ sínú ọkọ̀ tó ń padà sí Boston.

"Owó ibodè tẹ́ ẹ ti san lórí ẹ̀ wá ńkọ́, Díákónì?" ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Ìyẹn ti lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ mí," Crowell ní. "Kò ní ní àbúrò."

Wọ́n fi olùṣọ́-àgùntàn joyè. Àlejò jẹ bọ́tà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì sí aṣọ tó yí àwọ̀ padà. Nígbà tí ìpàdé ìlú tún jókòó, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ délẹ̀. Wọ́n jiyàn lé e gan-an, nítorí láti inú owó orí tí wọ́n gbé lé ara wọn ni yóò ti jáde. Ẹnì kan ní kí wọ́n san án fún Obed. Obed dìde, ó ní òun kò kun ẹyọ pákó kan. Ni wọ́n bá nawọ́ pé kí wọ́n san án fún Mehetabel Hinckley, lórúkọ ara rẹ̀, iye tí wọn ì bá san fún ọ̀gá akunlé láìdín kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí Mehetabel ti ń wa amọ̀ nínú àbàtà, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan gúnlẹ̀ láti Tisquam. Obìnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú kòròbá lọ́wọ́. Wọ́n ní ìlú àwọn náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ báyìí, ilé ìwé àwọn sì fẹ́ kíkùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà Monamet. Mehetabel ṣí aṣọ orí kòròbá àkọ́kọ́, ó tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó fi pa àtàǹpàkò.

"Èyí ti sanra jù, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Ẹ lọ fi ṣe bọ́tà, kẹ́ ẹ wá gbé èyí tó rù wá. Mo wà níbí."